Mo Jókòó sí Bouaké, Ẹ̀rọ Wà ní Abidjan

Koko ni wọ́n bí mi sí, àdúgbò kan ní Bouaké, nínú ilé kan tó fẹ̀yìn ti mọ́ṣáláṣí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Àwo tánganran ni bàbá mi ń tà ní ọjà ńlá, ìyá mi a sì bá wọn jókòó ti ọjà náà láàárọ̀ kí wọ́n tó wálé wá dáná. Yorùbá la ń sọ nílé, Jula la ń sọ lọ́jà, Faransé ni ti ilé ìwé, mo sì gbọ́ Baoulé díẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣeré. Anago ni àwọn ará ìlú ń pe àwa Yorùbá. Kò dùn wá nígbà náà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra abọ́, á ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Anago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga," bàbá mi ló sì ń wí, inú wọn á dùn pé oníbàárà dé.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ oníná ni mo kọ́. Nígbà tí mo jáde nílé ìwé, mo ríṣẹ́ sí làbó kan, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń dán òwú àti aṣọ wò fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń hun aṣọ. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ní ẹnu méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. A ó fi etí aṣọ kan há ẹnu òkè, a ó fi etí kejì há ẹnu ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ á wá máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí aṣọ náà á fi ya. Nọ́ńbà tó bá wà lójú ẹ̀rọ nígbà tí aṣọ ya ni a fi ń mọ bó ṣe lágbára tó. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Mo fẹ́ràn bí aṣọ ṣe máa ń dákẹ́, tí á máa dákẹ́, tí á wá ya lójijì bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kan já mọ́ lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ìlú ti le. Wọ́n ti gé agbára sẹ́fà, owó tí a ń ná, sí méjì, gbogbo ohun tó bá ti òkè òkun wá sì di ọ̀wọ́n. Ẹ̀rọ wa gbó, irin tí a fẹ́ fi tún un ṣe kò dé. Àwọn tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ ń dín kù, lónìí ẹni yìí, lọ́la ẹni yẹn, títí ó fi ku èmi àti ọ̀gá wa. Baoulé ni ọ̀gá wa, àgbàlagbà tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bíi pé aláìsàn kan ń sùn ní yàrá kejì. Wọ́n pè mí ní ọjọ́ kan, wọ́n ní ilé iṣẹ́ ti ra ẹ̀rọ tuntun, ẹyọ kan péré, Abidjan ni wọ́n sì gbé e sí.

Wọ́n ní, "Ìwọ ló máa lọ mójú tó o. O mọ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ yẹn kò sì lè ṣe nǹkan kan láìsí kọ̀ǹpútà."

Ìyá mi di ẹrù fún mi. Bàbá mi bá mi dé ibùdókọ̀, wọ́n dúró títí mọ́tò fi gbéra.

A ti kọjá Djébonoua nígbà tí a dé bàràjì, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró yẹ̀ wò. Jandáàmù kan, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, wọlé, ó gba káàdì ìdánimọ̀ gbogbo wa, ó ń wo orúkọ. Tí orúkọ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á dá káàdì padà. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kí olúwa rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀.

Ó bi mí pé, "Níbo ni bàbá rẹ ti wá?"

Mo ní, "Nàìjíríà ni wọ́n ti wá, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n Bouaké ni wọ́n bí mi sí."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ibi tí wọ́n bí ọ sí."

Ó fi káàdì mi sínú àpò àyà rẹ̀. Mọ́tò dúró díẹ̀, awakọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún wa díẹ̀, ó wá lọ. A jókòó sábẹ́ igi máńgò, èmi àti àwọn tí orúkọ wọn jọ ti Jula tàbí ti Anago. Ìyá arúgbó kan ń fi ìborí rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, jandáàmù náà ní ká máa lọ. Mo ní, "Káàdì mi ńkọ́?" Ó ní àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò rí káàdì yẹn mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu ló gbé mi padà sí Bouaké, mo jókòó lórí iṣu, ekuru kún irun mi.

Bàbá mi ló ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹrù ọwọ́ mi. Wọ́n lọ bu omi sínú abọ́, wọ́n gbé e síwájú mi kí n fi fọ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó tì mí lórí ẹní.

Wọ́n ní, "Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn."

Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Orúkọ ìyá mi ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni mo ṣe fi sọ ọ́." Wọ́n sún abọ́ omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé o ti jẹun?"

Mo lọ sí ọ́fíìsì kí wọ́n lè fún mi ní káàdì míì. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní kí n kọ́kọ́ mú ìwé tó fi hàn pé ọmọ onílùú ni mí wá. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé yẹn ní kí n mú káàdì wá. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, títí ọkàn mi fi rẹ̀. Láìsí káàdì, kò sí bí mo ṣe lè gba ọ̀nà Abidjan. Mo sọ fún ọ̀gá wa pé kí wọ́n wá ẹlòmíì.

Ọ̀gá wa gbé ìwé ìtọ́ni ẹ̀rọ tuntun náà sílẹ̀ níwájú mi. Wọ́n ní, "Mo ti kà á. Kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn ló ń pàṣẹ fún un, wáyà ló so wọ́n pọ̀. Tí wáyà bá lè gùn bí apá èèyàn, kí ló dé tí kò lè gùn dé Bouaké?"

Mo ní, "Ta ló máa ta wáyà láti ibí dé Abidjan, ọ̀gá?"

Wọ́n nawọ́ sí tẹlifóònù tó wà lórí tábìlì. "Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ti ta á."

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní módẹ́mù, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí ìlà tẹlifóònù. A fi ọ̀kan sí Bouaké, wọ́n fi ọ̀kan sí Abidjan. Mo jókòó ti ìwé ìtọ́ni, mo kọ́ èdè ẹ̀rọ náà. Èdè kúkúrú ni: lẹ́tà díẹ̀ fún "di ẹnu," lẹ́tà díẹ̀ fún "fà," lẹ́tà díẹ̀ fún "dúró." Mo kọ ètò tí yóò máa kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ránṣẹ́, tí yóò sì máa gba èsì. Nígbà míì ọ̀rọ̀ á lọ, èsì kò ní í bọ̀. Nígbà míì òjò á rọ̀ sójú ọ̀nà, ìlà á máa hó, àwọn nọ́ńbà á dàrú. Ọ̀gá wa á po tíì, wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n á padà sẹ́yìn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣẹ, mo tẹ "fà," mo sì dúró. Ojú kọ̀ǹpútà ṣófo. Lẹ́yìn náà nọ́ńbà kan yọ, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ń gòkè bí èèrà tó ń gun ògiri, títí wọ́n fi já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ ti ya. Ó ya ní Abidjan, èmi sì ni mo fà á, láti orí àga mi, nítòsí fèrèsé tí ewúrẹ́ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè fi aṣọ há ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò gbé aṣọ sí i. Obìnrin kan ni wọ́n fi sídìí rẹ̀, àgbàlagbà tó ti ń gé aṣọ fún ìdánwò láti ọjọ́ pípẹ́. Mi ò rí i rí, mi ò sì gbọ́ ohùn rẹ̀, torí nígbà tí módẹ́mù bá wà lórí ìlà, a kò lè fi tẹlifóònù sọ̀rọ̀. Àmọ́ a lè kọ ọ̀rọ̀ síra wa lójú kọ̀ǹpútà. Faransé la fi ń kọ ọ́. Orúkọ tí ètò mi fún wa ni ìlú tí oníkálukú wà: èmi ni BOUAKÉ, òun ni ABIDJAN. Mo ń pè é ní Tàǹtí, bí a ti ń pe gbogbo obìnrin tó bá jù wá lọ ní ìlú yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó dẹ́rù bà mí. Mo pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ di ẹnu, àṣẹ náà há sójú ọ̀nà. Mo rò pé ó ti sọ nù. Tàǹtí náà rò bẹ́ẹ̀, ó sì ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ láti tún aṣọ tò. Ìgbà náà ni àṣẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó yára fa ọwọ́ yọ. Ohun tó kọ sí mi ni, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ fẹ́ jẹ mí." Mo tún ètò náà kọ, kí ẹ̀rọ má lè mira àfi tí Tàǹtí bá kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì kan níbẹ̀. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa kọ ọ́ fún mi ní tààrà. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó pàṣẹ kankan, mo ń dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ọwọ́ ti jáde."

Láàárín aṣọ kan àti èkejì, a ń bára wa sọ̀rọ̀. Opó ni Tàǹtí, Djébonoua ni wọ́n bí i sí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí. Ó máa ń bi mí bóyá òjò ti rọ̀, bóyá iṣu tuntun ti dé ọjà. Mo ń kí i ní Baoulé ní àárọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Ó béèrè ohun tí mo jẹ lánàá, mo sọ fún un, ó ní mi ò jẹun tó. Nígbà tí ikọ́ ṣe mí, ó kọ oríṣi ewé tí mo lè sè mu. Mi ò mọ̀ bóyá ó ga tàbí ó kúrú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó máa ń ṣì lẹ́tà tẹ̀ tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, tí mo bá sì rí i bẹ́ẹ̀, mo ń sọ fún un pé ká sinmi.

Ó pẹ́ tí a ti ń ṣe é báyìí kí ọ̀rọ̀ náà tó dé. Ilé iṣẹ́ ti dá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dúró. Ó kọ ọ́ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì fi kún un pé, "Àwọn àjèjì ló bà wá jẹ́. Jula ti gba iṣẹ́, Anago ti gba ọjà, gbogbo wọn ló ní káàdì èké lápò. Kí wọ́n máa lọ sílé wọn, kí àwọn ọmọ wa lè jẹun." Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ bó ti máa ń kọ ọ́: "Ọwọ́ ti jáde."

Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn, mo tún un kà. Ọ̀gá wa kò sí ní làbó. Mo pàṣẹ, ẹ̀rọ fa aṣọ, aṣọ ya, mo gba nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ pé, "Tàǹtí, Anago ni mí. Bàbá mi ló ń ta àwo tánganran ní ọjà Bouaké, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Nítorí káàdì ni mi ò fi lè wá sí Abidjan."

Kò dáhùn. Mo jókòó, mo ń wo àmì kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá dé, "Ọwọ́ ti jáde" nìkan ni.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kejì, àti ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo kí i ní Baoulé, kò fèsì. Kò sọ ti òjò, kò béèrè oúnjẹ. Iṣẹ́ ń lọ, aṣọ ń ya, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀nà ilé wa ń dà bíi pé ó gùn sí i. Ó dùn mí ju ti jandáàmù lọ. Jandáàmù kò mọ̀ mí. Èyí mọ ìgbà tí mo wúkọ́.

Ìyá mi rí i lójú mi. A ń ṣa ìrẹsì nígbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ títí mo fi parí.

Wọ́n ní, "Obìnrin yìí, ṣé ó ṣì ń ti ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ yẹn?"

Mo ní, "Ojoojúmọ́ ni, Ìyá."

"Ta ló sì ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ?"

"Èmi ni."

Ìyá mi mú òkúta kan jáde nínú ìrẹsì, wọ́n sọ ọ́ nù. "Ẹni tó bá kórìíra rẹ kò ní í gbé ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ojú ló ń tì í. Máa kí i."

Mo ń kí i. Mo ń kí i láàárọ̀, mo ń kí i nígbà tí a bá ń parí iṣẹ́, mi ò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lè sọ pé mi ò bínú. Ní ọjọ́ míì mo ń kí i pẹ̀lú ìbínú nínú ìka mi. Òpin ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mo dé iṣẹ́, mo pe Abidjan, mo kọ ìkíni mi. Ó kọ ọ́ pé, "Ọwọ́ ti jáde." Mo ti fẹ́ pàṣẹ nígbà tí ìlà mìíràn yọ lábẹ́ rẹ̀: "Ọmọ mi, kí ni o jẹ lánàá?"

Mo sunkún lórí àga mi. Mo wá dá a lóhùn pé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀pà ni. Ó ní ìyẹn dára.

Kò tọrọ àforíjì lójú kọ̀ǹpútà, èmi náà kò sì béèrè fún un. A kàn padà sí ọ̀rọ̀ òjò àti iṣu.

Nígbà ọdún Àjíǹde, tí àwọn Baoulé ń pè ní Pakínù, gbogbo ọmọ wọn tó wà ní Abidjan a máa padà sí abúlé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, mo bá obìnrin kan nínú àgbàlá wa, ó jókòó lórí àpótí ìyá mi, ó ń bá wọn ṣa ẹ̀wà. Ó sanra díẹ̀, ó wé gèlè aláwọ̀ búlúù, ó bọ́ bàtà sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú wọn dùn débi pé wọ́n ti pa ìsọ̀ wọn tì.

Bàbá mi ní, "Wọ́n dé ọjà, wọ́n ń béèrè Anago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Mo rò pé abọ́ ni wọ́n fẹ́ rà."

Obìnrin náà gbójú sókè. Ó ní, "Bouaké."

Mo ní, "Tàǹtí."

Mo kúnlẹ̀ kí i bí a ti ń kí àgbà nílé wa. Ó na ọwọ́ sí mi, mo sì dì í mú. Ọwọ́ náà kéré ju bí mo ṣe rò lọ, ìka rẹ̀ gbẹ nítorí òwú. Mo yí i padà, mo wò ó níwájú àti lẹ́yìn, bí ẹni ń wo ọwọ́ ọmọ tó ṣubú. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀.

Ó ní, "Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ yẹn burú. Nǹkan tí wọ́n ń sọ nínú rédíò ni mo sọ, ìrora ọmọ mi sì wà lọ́kàn mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè fi ìka tẹ ẹ̀bẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ẹsẹ̀ mi wá."

Mo ní, "Ó ti tán, Tàǹtí."

Ó ní, "Kò tíì tán. Jẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú bàbá rẹ." Ó sì yíjú sí bàbá mi, ó bẹ̀ wọ́n ní Baoulé. Bàbá mi fi Baoulé ọjà tí wọ́n gbọ́ dá a lóhùn. Wọ́n ní ẹni tó bá wá bẹni nílé ẹni ti di ará ilé, kí ó dákẹ́, kí ó jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a lọ sí Djébonoua. Ọmọ rẹ̀ tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀. Tàǹtí sọ fún un ẹni tí mo jẹ́ àti ibi tí bàbá mi ti wá, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wolẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni pé o kì í kúrò ní Bouaké, tí o sì ń mú kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ní Abidjan?"

Mo ní òótọ́ ni. Ó ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Mo fi igi ya ilẹ̀, mo ya ẹ̀rọ, mo ya módẹ́mù, mo ya ìlà tẹlifóònù. Ó ń béèrè, mo ń dáhùn, ìyá rẹ̀ sì ń bu iṣu kún àwo mi láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo ń lọ, ọmọ náà gbé ẹrù mi dé ẹ̀gbẹ́ títì.

A bá iṣẹ́ náà lọ títí ogun fi dé. Bouaké wà ní apá kan, Abidjan wà ní apá kejì, ìlà tẹlifóònù sì kú. Mo pè, mo pè, kò dún. Ọ̀gá wa ti làbó pa, wọ́n sì lọ sí abúlé wọn. Èmi àti àwọn òbí mi dúró ní Koko. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún rédíò àti tẹlifísọ̀n ṣe nínú yàrá iwájú ilé wa. Ó pẹ́ gan-an kí n tó rí káàdì gbà, nígbà tí mo sì rí i gbà, kò sí iṣẹ́ tó ń dúró dè mí ní Abidjan mọ́.

Tàǹtí fẹ̀yìn tì, ó padà sí Djébonoua. Nígbà tí bàbá mi kú, mi ò ránṣẹ́ sí i, torí mi ò fẹ́ yọ àgbàlagbà lẹ́nu. Ẹnì kan sọ fún un lọ́jà. Ní ọjọ́ àdúrà, ó wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú, òun nìkan ni kò bo orí bí ti àwa Mùsùlùmí. Ìyá mi sún fún un lórí ẹní. Kò gbọ́ Lárúbáwá, kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ ó jókòó títí àdúrà fi parí, ó di ọwọ́ ìyá mi mú.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo sìn ín lọ sí ibi tí yóò ti wọkọ̀. Orúnkún ń dùn ún, a ń rọra lọ. Ó ń sọ fún mi nípa ọmọ rẹ̀, pé ó ti ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, pé ó ti bí ọmọ obìnrin. Nígbà tí a dé ibi ọkọ̀, ó sinmi lé èjìká mi kí ó tó gòkè, ó ní kí n mú ìyá mi wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ òun, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. A lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e.